Hámpà wa tó rìn káàkiri Ìbàdàn: ìtàn agbọ̀n Kérésì

Ẹ jókòó, ẹ gbé ẹ̀pà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Ìtàn hámpà Kérésì ni mo fẹ́ sọ: ibi tó ti wá, bó ṣe wọ ilẹ̀ wa, àti ohun tí àwọn èèyàn wa máa ń gbé fún ara wọn kó tó dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ látẹ̀yìn mọ̀ pé n kì í dédé bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Nǹkan kan ló ṣe mí.

Oṣù Kejìlá ọdún 2023. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀ ni. Ọ̀gá kan bá mi sọ̀rọ̀ níbì kan, mo rí iṣẹ́ kékeré kan. Màmá mi ní àwa kì í ṣe aláìmoore, a gbọ́dọ̀ gbé hámpà lọ dúpẹ́. A wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá kan n'Ìbàdàn níbí. Èyí tó kéré jù lórí tábìlì wọn, 48,000 náírà. Owó tí màmá mi sì ti ń dá lájọ láti oṣù Kẹta kò ju 65,000 lọ. Owó ìrẹsì àti adìẹ ọdún nìyẹn o. Ó wo hámpà, ó wo ojú mi, ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó sanwó. Ó kọ káàdì kan pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n fi há inú ọ̀rá náà.

Nígbà tá a débẹ̀, a ò rí ọ̀gá. Akọ̀wé wọn kàn fi bírò nawọ́ sí kọ̀rọ̀ kan. Hámpà tó wà ńlẹ̀ níbẹ̀ tó ogún. A gbé tiwa lé e, a sì lọ wọ mọ́tò.

Ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kìn-ín-ní, àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì pe màmá mi pé kó wá mú nínú nǹkan tí wọ́n fún òun. Ẹnì kan ló fún ẹnì kan tó fún ẹnì kan tó fún àǹtí. Ṣé ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ? Hámpà wa ni. Ọ̀rá rẹ̀ ò tíì ya. Káàdì ṣì wà níbi tó wà. Màmá mi dúró sáàárín pálọ̀ onípálọ̀, ó ń ka ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Nígbà tí wọ́n wá tú u, abẹ́ ìlà àkọ́kọ́, ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n rún kún un. Sadíìnì tó wà níbẹ̀, ó ku oṣù méjì kó bàjẹ́.

Màmá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Kérésì yẹn, ìrẹsì kóńgò mẹ́ta la sè nílé wa, a ò pa adìẹ.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi léèrè pé ta ló tiẹ̀ gbé nǹkan yìí wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ. Hámpà kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ rárá níbẹ̀rẹ̀. Èdè Faransé àtijọ́ ló ti wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Hanap ni wọ́n ń pe ife ìmutí ńlá, hanapier sì ni àpò tàbí àpótí tí wọ́n ń kó irú ife bẹ́ẹ̀ sí. Bó ṣe ń pẹ́, ó di orúkọ agbọ̀n ńlá onídèérí tí àwọn ará Ìlú Ọba ń fi ẹ̀ka igi willow hun. Létí omi ni igi yẹn máa ń hù. Wọ́n á gé ẹ̀ka rẹ̀, á tún rú, wọ́n á tún gé e. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn fún mi: agbọ̀n ni hámpà. Ohun tí wọ́n ń lò fún ọdún àti ọdún ni, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jù sí ààtàn lọ́jọ́ kejì ọdún.

Láyé Ọbabìnrin Victoria, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé, àwọn ará oko á di tòlótòló, gúùsì àti èso sínú agbọ̀n báyìí, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn wọn tó wà ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn olówó ní tiwọn ń rà á ní ṣọ́ọ̀bù. Fortnum & Mason, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1707, ṣì ń ta hámpà títí dòní olónìí, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó ẹgbẹ́ wa.

Àmọ́ ti àwọn mẹ̀kúnnù ibẹ̀ ló wù mí jù. Gúùsì ni ẹran Kérésì wọn, wọn ò sì lágbára àtirà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ gúùsì ni ká pè é. Ilé ọtí ni wọ́n sábà máa ń dá a jọ sí: ọ̀sẹ̀ lọ́sẹ̀, kóbọ̀ kóbọ̀, títí Kérésì á fi dé, kálukú á wá gba gúùsì tirẹ̀. Ẹ ò rí i pé àjọ ni? Àjọ gan-an ni! Samuel Johnson, tó kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, ìwé tó jáde ní 1921 lẹ́yìn tó ti kú, sọ̀rọ̀ èésú nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó wọ́pọ̀ láàárín wa. Ọmọ Yorùbá tó kó lọ sókè òkun lóko ẹrú ò gbàgbé rẹ̀. Ní Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é títí dòní. Nítorí náà, nígbà tí màmá mi ń dájọ́ owó ọdún lọ́wọ́ alájọ, ìyá kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti ṣe irú rẹ̀ rí nítorí gúùsì.

Àjọ sì máa ń fọ́ o. Ní Ìlú Ọba kan náà, ilé iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Farepak. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún làwọn èèyàn á ti máa san owó díẹ̀díẹ̀ fún wọn, kí wọ́n lè gba hámpà àti ìwé ìrajà bí Kérésì bá kù dẹ̀dẹ̀. Oṣù Kẹwàá ọdún 2006, ilé iṣẹ́ náà wó lulẹ̀. Àwọn oníbàárà tó lé ní 100,000 ló pàdánù owó wọn, àwọn tí kò rí já jẹ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọdún mélòó kan kọjá kí wọ́n tó rí díẹ̀ gbà padà. Bí mo ṣe kà á, màmá mi ló ń wá sí mi lọ́kàn. Àwọn kan á ní kí ló kan hámpà kan ìṣẹ́. Ó kàn án gan-an. Tálákà ló máa ń ná owó ọdún kan sórí ọjọ́ kan, torí kí ojú má ti í.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Báwo ni Kérésì fúnra rẹ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa?

Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ èèyàn dúdú, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842. Ó lọ sí Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì padà dé Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá. Henry Townsend ti CMS ló bá níbẹ̀. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe ṣe Kérésì ọdún 1842 ní etíkun wa. Kò sí Father Christmas ńbẹ̀, kò sí igi ọdún. Kódà A Christmas Carol tí Charles Dickens kọ, ìtàn Scrooge ahun tó fi tòlótòló ńlá ránṣẹ́ sílé òṣìṣẹ́ rẹ̀, ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 1843, ló jáde. Ohun tí mo ń sọ ni pé Kérésì tí a mọ̀ sí ti òyìnbó yìí, àwọn òyìnbó gan-an ṣì ń to ó pọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọwọ́ wa náà ò sì ṣófo nígbà tó dé. Ibi tó dùn jù fún mi nínú ìtàn yìí rèé, ẹ má bínú tí mo bá pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ wo agbọ̀n tiwa. Imọ̀ ọ̀pẹ la fi ń hun òmíràn, ìkọ́ la fi ń hun òmíràn, igi tó ń fà bí okùn nínú igbó náà wà. Agbọ̀n obì, agbọ̀n adìẹ, apẹ̀rẹ̀ ata, kálukú ló ní bí ihò rẹ̀ ṣe tóbi tó, torí afẹ́fẹ́ tí obì ń fẹ́ yàtọ̀ sí ti adìẹ. Ewé la máa ń tẹ́ sínú rẹ̀. Ewé eéran tá a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, kì í ṣe ewé lásán o: ara èso igi kan náà yẹn ni wọ́n ti ń yọ thaumatin, ohun adùn tó fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún mélòó kan dùn ju ṣúgà lọ. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Bahia ní Brazil ń ṣe abará, ìyẹn mọ́ínmọ́ín tiwọn, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pọ́n ọn. Oko ẹrú ò gba ewé lọ́wọ́ wọn. Àwa tá a jókòó sílé ló fi ọ̀rá rọ́pò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n agbọ̀n àti ewé kọ́ ni kókó. Kókó ibẹ̀ ni pé ẹ̀bùn wa máa ń sọ̀rọ̀.

Ẹ rántí àrokò. Ní 1885, C. A. Gollmer tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí bí àwọn èèyàn ibí ṣe ń fi nǹkan ránṣẹ́ síra wọn dípò lẹ́tà. Owó ẹyọ mẹ́fà lórí okùn: ẹẹ́fà, ìyẹn ni pé ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ: ẹẹ́jọ, a jọ wà ní ìṣọ̀kan ni. Ẹni tó gbà á á kà á bí ìwé. Ẹrù ìyàwó náà ńkọ́? Oyin kí ayé wọn lè dùn, iyọ̀, ataare tí ọmọ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, orógbó kí wọ́n lè gbó, obì kí ibi lè yẹ̀. Ẹ gbọ́, hámpà Yorùbá gan-an nìyẹn! Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí kò ní àdúrà lórí. Èèyàn ò lè gbé ẹrù ìyàwó tẹnì kan fún ẹlòmíràn láìtú u wò.

Ẹ wá fi wé èyí tá a gbé lọ. Kí ni wáìnì olómi pupa àti cornflakes ń sọ? Iye tí wọ́n tà á nìkan ló ń sọ. Ìdí tó fi lè rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́ fún oṣù kan nìyẹn. Kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lórí, àfi káàdì màmá mi tí ẹnikẹ́ni ò kà.

Báwo la ṣe wá dé ibẹ̀? Ọ̀nà náà gùn, màá já a kúrú. Àwọn Sàró tó padà wá láti Freetown ló kọ́kọ́ mú Kérésì di ọdún ìlú ní Èkó àti Abẹ́òkúta. Àwọn Àgùdà tó dé láti Brazil náà mú tiwọn wá. Wọ́n kọ́lé, wọ́n jó, wọ́n ń pín oúnjẹ. Àwọn àtọmọdọ́mọ wọn ṣì ń gbé frejon fún aládùúgbò lọ́jọ́ Good Friday títí dòní. Lára wọn la ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun tó bá wá láti òkè òkun ló níyì lọ́jọ́ ọdún. N ò bá wọn jà. Ẹni tó ti oko ẹrú bọ̀ tó fẹ́ wọ kóòtù, ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́.

Ní 1929, ilé iṣẹ́ òyìnbó méjì pa pọ̀ di UAC. UAC yìí ló ni Kingsway, èyí tí wọ́n ṣí ní Marina l'Ékòó ní 1948. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí inú àgbàlagbà Èkó kan dùn, ẹ bi í léèrè Father Christmas Kingsway. Ibẹ̀ làwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti mọ̀ pé èèyàn lè wọ ṣọ́ọ̀bù kan, kó nawọ́ sí ẹ̀bùn tí wọ́n ti dì sílẹ̀, kó sanwó, kó gbé e jáde. Iṣẹ́ rírò ohun tí ẹni tá a fẹ́ fún máa nífẹ̀ẹ́ sí kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń fúnni, ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń tajà.

Lẹ́yìn náà ni owó epo dé. Bàbá àgbà mi jẹ́ akọ̀wé ìjọba. Owó Udoji tí wọ́n san lẹ́yìn àbọ̀ ìgbìmọ̀ ọdún 1974 ló fi ra ẹ̀rọ tó ń kọ rẹ́kọ́ọ̀dù tó ṣì wà nílé wọn, tí kò sì kọrin mọ́. Ilé wọn kún fún agolo láyé ìgbà yẹn, màmá mi sọ. Kò pẹ́, owó epo já wálẹ̀. Oṣù Kẹrin ọdún 1982, ìjọba Shagari fi òfin de ọjà tó ń wọlé láti òkè òkun. Nígbà tó máa fi di 1984, orí ìlà ni wọ́n ti ń du ẹsẹ́ńsò: mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ ìfọṣọ. SAP dé ní 1986, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ.

Èrò tèmi rèé, ẹ lè bá mi jiyàn: ìgbà yẹn ni hámpà di ohun tó dà lónìí. Ìdí tí mílíìkì, ṣúgà, Bournvita àti sadíìnì fi máa ń wà nínú rẹ̀ títí di ìsinsìnyí ni pé nígbà kan, àwọn nǹkan yẹn gan-an ni kò sí. Ẹni tó bá gbé agolo mílíìkì mẹ́fà fún ọ ní 1984, ó ti tò lórí ìlà nítorí rẹ. Ó ń sọ̀rọ̀ nígbà yẹn! Ohun tó ń sọ ni pé mo jìyà kí o lè mu tíì. Ìlà kúrò, a ò yí ẹrù náà padà.

Ọ̀rá tó ń dán yẹn ńkọ́? Ọkùnrin ará Switzerland kan, Jacques Brandenberger, ló ṣe cellophane ní 1908. Wọ́n ní ó rí i tí wáìnì dà sórí aṣọ tábìlì, ló bá ń wá ohun tó lè fi bò ó. Ara igi ni wọ́n ti ń ṣe cellophane, ó sì lè jẹrà. Àmọ́ èyí tí wọ́n fi ń di hámpà fún wa lónìí, ike ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àbúrò tàbí ìbátan polythene tí wọ́n ṣèèṣì rí ní ilé iṣẹ́ ICI ní Northwich ní 1933 ni. Ìyẹn kì í jẹrà. Ó máa ń gé wẹ́wẹ́ ni. Ẹ lọ wo etí gọ́tà àdúgbò yín ní ọjọ́ 2 oṣù Kìn-ín-ní.

Ará Ìbàdàn ni mí, ẹ má sọ fún mi pé gọ́tà kì í ṣe ìtàn. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn lọ. Pàǹtírí tó dí ojú odò wà lára ohun tó fà á. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún ṣe irú rẹ̀. Ìyá àgbà mi máa ń dárúkọ Ògùnpa bí ẹni ń dárúkọ ọ̀tá. L'Ékòó, wọ́n kéde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 pé àwọn ò fẹ́ rí ike funfun onífóòmù tí wọ́n fi ń bu ìrẹsì mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n fi àwọn ike ìlò-ẹ̀ẹ̀kan mìíràn kún un. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa, ó ku díẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ jẹ́jẹ́. Ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ní Baṣọ̀run, n'Ìbàdàn wa níbí, ọmọdé 35 kú nínú èrò níbi tí wọ́n ti lọ gba ẹ̀bùn ọdún. Ilé wa ò jìnnà síbẹ̀. N ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe àlàyé ohunkóhun. Mo kàn ń rántí pé nígbà tí màmá mi wà lọ́mọdé, oúnjẹ ọdún kì í dúró sójú kan kí èèyàn wá tò fún un. Ọmọ ló máa ń gbé e, nínú abọ́ tánńganran, aṣọ funfun lórí, láti ilé dé ilé. Iléyá, ẹran á wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí. Kérésì, ìrẹsì á lọ sọ́dọ̀ wọn. Abọ́ náà kéré, ṣùgbọ́n gbogbo ojúlé ló ń dé.

Ó dáa. Kí ni mo wá ṣe?

Oṣù Kejìlá ọdún 2024 kan náà, mo sọ fún màmá mi pé èmi ni màá ṣe ẹ̀bùn ọdún wa. Mo lọ bá bàbá kan tó ń hun agbọ̀n lọ́nà oko. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ṣé obì ni mo fẹ́ máa tà ni. Mo ra mẹ́ta, 3,000 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ́ ewé sí i. Ìrẹsì Ọ̀fadà kóńgò kan, gaàrí Ìjẹ̀bú, oyin nínú ìgò tí mo fọ̀ tí mo tún lò, dòdò Ìkirè, ìrù nínú ewé, ọṣẹ dúdú. Dípò ọ̀rá, mo fi àdìrẹ tí kò tó ọ̀pá kan dì í lókè, kí ẹni tó gbà á lè fi wérí. 16,000 náírà ló gbà mí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ìwé pélébé kan sínú rẹ̀, mo ṣàlàyé ìdí tí mo fi mú nǹkan kọ̀ọ̀kan.

N ò ní parọ́ fún yín pé ó rọrùn. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rìn. Ewé gbẹ lára ọ̀kan, mo tún un ṣe. Ìrù ń rùn nínú mọ́tò, dírẹ́bà bínú. Mo sì mọ̀ pé àwọn kan ti ń ta irú rẹ̀ báyìí, wọ́n á kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kò ba àyíká jẹ́, wọ́n á sì fi owó rẹ̀ lé ti onílọ́rá. Ìyẹn kọ́ là ń sọ.

Ojú ti màmá mi. Jẹ́ kí n sọ òótọ́. Nígbà tá à ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá yẹn, ó ní, "Wọ́n á ní a ò ní lọ́wọ́." Mo ní, "Màámi, a ò ní lọ́wọ́ lóòótọ́." Kò dá mi lóhùn. Akọ̀wé tọ̀hún wo agbọ̀n wa, ó béèrè pé ṣé láti oko ni, ó tún fi bírò kan náà nawọ́ sí kọ̀rọ̀ kan náà. Títí di òní, a ò gbọ́ nǹkan kan látọ̀dọ̀ ọ̀gá. Bóyá agbọ̀n yẹn náà ń rìn káàkiri Ìbàdàn, n ò mọ̀.

Èkejì, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá àgbà mi ló lọ. Ìyá náà jẹ gaàrí tán lọ́jọ́ méjì, ó ní agbọ̀n náà dáa fún ata.

Ẹ̀kẹta, Alhaja tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa la gbé e fún. Ó pè mí wọlé, ó ní kí n ka ìwé pélébé náà fún òun torí ojú òun. Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi oyin, ó ní "Àmín" kí n tó parí. Ìgbà tí Iléyá dé, ọmọ ọmọ rẹ̀ gun àtẹ̀gùn wa bọ̀, agbọ̀n náà wà lórí rẹ̀, àdìrẹ ni wọ́n fi bò ó. Ẹran wà nínú rẹ̀, orí ewé ni wọ́n tò ó sí. Ó ní kí n má dá àdìrẹ náà padà, àmọ́ ìyá òun àgbà fẹ́ agbọ̀n òun o, kí n bá òun kó ẹran kúrò nínú rẹ̀ kíákíá.